Ọ̀rọ̀ Lórí Físà: Ohun tí Ó Yẹ kí Àwa Ará Ẹ̀yìn Odi Mọ̀

  Ọlọ́run yóò jẹ́ kí gbọ̀ngàn tí a torí rẹ̀ péjọ lónìí dìde lójú gbogbo wa.

Nígbà tí ìgbìmọ̀ tí ń ṣètò ayẹyẹ yìí kọ̀wé sí mi, 'Ìdàgbàsókè Àwùjọ Wa' ni wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lé lórí. Mo lọ bá akọ̀wé nílé. Mo ní, 'Akọ̀wé, ọ̀rọ̀ yìí tóbi jù mí lọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí mo mọ̀.' Èyí tí mo mọ̀ ni ọ̀rọ̀ físà. Láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, agbára káká ni ọ̀sẹ̀ kan fi ń kọjá kí ẹnì kan má kó ìwé wá sí ọ̀ọ̀dẹ̀ mi pé, 'Tíṣà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi wo èyí.' Ìyá kan fẹ́ lọ wẹ ọmọ tuntun fún ọmọ rẹ̀ ní Manchester. Bàbá kan fẹ́ lọ rí àbúrò rẹ̀ tí kò rí fún ọdún mẹ́rìndínlógún. Ọ̀dọ́ kan ti ta kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí ó fi ń jẹun. Ohun tí ó ń bà mí nínú jẹ́ ni pé lẹ́yìn tí ọ̀rọ̀ bá ti bàjẹ́ tán ni ọ̀pọ̀ wọn tó ń wá.

Ọ̀rọ̀ ìwé kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun láàárín ọmọ Yorùbá tí ń gbé lẹ́yìn odi. Àwọn àgbà tí ó jókòó níhìn-ín yóò rántí oṣù Kọkànlá ọdún 1969, nígbà tí ìjọba Busia ní ilẹ̀ Gánà pàṣẹ pé àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú gbọ́dọ̀ gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí ó kẹ́rù rẹ̀. Àwọn ènìyàn wa láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Ìnísà àti Igbẹ́tì wà ní Kùmásì àti Tàmálè nígbà náà. Ẹlòmíràn nínú wọn ti lo ogún tàbí ọgbọ̀n ọdún níbẹ̀. Wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ní ilé, wọ́n ti bímọ síbẹ̀. Ìwé ni wọn kò ní. Ọ̀pọ̀ wọn fi ọjà sílẹ̀ lórí àtẹ, wọ́n wọkọ̀ wálé. Ní oṣù Kìíní ọdún 1983, àwa náà ṣe irú rẹ̀ fún àwọn ará Gánà, tí a fi ń pe àpò ńlá onílà-ilà yẹn ní 'Ghana Must Go' títí di òní. N kò sọ èyí láti dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ohun tí mo ń sọ ni pé bí ènìyàn ti wù kí ó pẹ́ tó nílùú onílùú, ìwé ọwọ́ rẹ̀ ni ìjọba yóò béèrè.

Ìlú Ọba náà kò rí báyìí tẹ́lẹ̀. Kí ìjọba wọn tó kéde ní ọdún 1986 pé àwọn ọmọ Nàìjíríà yóò máa gba físà kí wọ́n tó gbéra nílé, ẹni tí ó fẹ́ lọ kí ará lè mú páásípọ́ọ̀tù rẹ̀ kí ó wọ bàálù. Ní pápákọ̀ òfurufú lọ́hùn-ún ni yóò ti dáhùn ìbéèrè. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà kan fi ń sọ fún ọmọ pé, 'Láyé tiwa, a kàn lọ ni.' Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n ayé yẹn ti kọjá, ìmọ̀ràn tí a bá mú láti inú rẹ̀ lè kó ọmọ sí wàhálà.

Kí ni físà gan-an? Ìyọ̀ǹda ni láti wọ ilé onílé. Kì í ṣe ẹ̀tọ́, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọjà. Owó tí a ń san, owó àyẹ̀wò ìwé ni. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2025, owó físà àbẹ̀wò olóṣù mẹ́fà ti Ìlú Ọba di pọ́n-ùn 127. Bí wọ́n bá yẹ ìwé rẹ wò tí wọ́n sì kọ̀ ọ́, owó ti lọ nìyẹn. Àwa tí a wà ní Kàdúná tún ní láti fi owó ọkọ̀ Àbújá kún un, nítorí níbẹ̀ ni a ó ti lọ fi ìka tẹ ẹ̀rọ, tí wọn yóò sì ya fọ́tò wa. Kí á tó gba páásípọ́ọ̀tù pàápàá, láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, ìjọba tiwa ti sọ olójú-ewé 32 di 100,000 náírà, wọ́n sì sọ olójú-ewé 64 di 200,000. Ẹni tí yóò ná irú owó yìí, ó yẹ kí ó mọ ohun tí ó ń ṣe.

Ẹ̀yin ará mi, ẹni tí yóò dá ẹjọ́ físà Ìlú Ọba kò ní rí yín sójú rárá. Ìwé nìkan ni yóò rí. Kò mọ̀ pé ìwọ ni Ìyá Ìjọ, kò mọ̀ pé ìwọ ni Àlàájì tí ó kọ́ mọ́sálásí àdúgbò. Ti Amẹ́ríkà, ìwọ àti òṣìṣẹ́ wọn yóò fojú kojú lẹ́yìn gíláàsì, ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Òfin wọn kan wà tí wọ́n ń pè ní 214(b). Òfin náà ní kí òṣìṣẹ́ yẹn ka gbogbo ẹni tí ó bá béèrè físà àbẹ̀wò sí ẹni tí ó fẹ́ lọ jókòó síbẹ̀, títí onítọ̀hún fúnra rẹ̀ yóò fi fi hàn pé òun ní ìdí láti padà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tí wọ́n bá kọ̀ máa ń jáde pẹ̀lú ìbínú pé wọ́n kórìíra àwa aláwọ̀ dúdú. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn, n kò ní jiyàn. Ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà, a kò mọ ibi tí òfin wọn ti bẹ̀rẹ̀ ni.

Ohun tí wọ́n ń wá nínú ìwé kò ju mẹ́ta lọ: kí ni o fẹ́ lọ ṣe, ta ni yóò sanwó rẹ̀, kí ni yóò sì mú ọ padà sílé. Ìkẹta yìí ni ó ń gbé àwa ṣubú jù, owó ni ó sì tẹ̀ lé e.

Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí ti jìn sí kòtò náà rí. Ní ọdún 2013, ọmọ mi obìnrin bímọ lókè-òkun, èmi àti ìyá rẹ̀ sì fẹ́ lọ. N kò ní dárúkọ ìlú náà, n kò sì ní dárúkọ alágbàtà tí a lọ bá. Ó wo ìwé báǹkì mi, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, 'Tíṣà, owó ìfẹ̀yìntì yìí kò lè gbé yín dé ibodè. Ẹ wá owó sí i.' Mo lọ bẹ ẹ̀gbọ́n mi. Ó yá mi ní mílíọ̀nù mẹ́ta náírà. Owó wọ báǹkì ní ọjọ́ Túsìdè, a tẹ ìwé rẹ̀ ní Tọ́sìdè, ní Fúráìdè mo dá owó olówó padà. Mo rò pé mo gbọ́n. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kò pé tí lẹ́tà fi dé. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ kedere pé ohun tí ń wọlé fún mi lóṣooṣù kò pọ̀, pé owó ńlá kan ṣàdédé wọlé láìsí àlàyé, pé wọn kò gbà pé tèmi ni. Mo ka lẹ́tà yẹn tán, ojú tì mí lójú ìyàwó mi, nítorí òótọ́ ni wọ́n sọ.

Ọdún méjì ni a fi dúró kí a tó tún gbìyànjú. Lọ́tẹ̀ yìí, a kò fi kún un, a kò yọ kúrò. Owó ìfẹ̀yìntì mi, bí ó ti kéré tó, ni mo fi hàn. Ọmọ mi kọ lẹ́tà pé òun ni yóò sanwó bàálù àti oúnjẹ, pé ilé òun ni a ó dé sí. Ó fi ìwé owó oṣù rẹ̀ ti oṣù mẹ́fà, ìwé báǹkì rẹ̀ àti ìwé ìgbélùú rẹ̀ kún un. Mo fi ìwé ìbí rẹ̀ sí i kí wọ́n lè mọ̀ pé èmi ni mo bí i. Mo fi ìwé ilé tí mo kọ́ sí i. Fọ́ọ̀mù náà bi mí pé: ǹjẹ́ wọ́n ti kọ̀ ọ́ ní físà rí? Ẹnì kan ní kí n kọ 'rárá'. Mo kọ 'bẹ́ẹ̀ ni', mo sì ṣàlàyé gbogbo ohun tí mo ṣe. Wọ́n fún wa. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ìyá àgbà fẹ́ lọ wẹ̀ ti ń sáré káàkiri ilé kí ó tó rí i.

Ẹ jẹ́ kí n bá ẹ̀yin oníṣòwò sọ̀rọ̀ níhìn-ín, nítorí ẹ̀yin ni ẹ pọ̀ jù nínú gbọ̀ngàn yìí. Ẹnìkan lè ní ọjà mílíọ̀nù mẹ́wàá náírà nínú ṣọ́ọ̀bù, kí ìwé báǹkì rẹ̀ sì sọ pé tálákà ni. Ọjà ni owó wà, tàbí lọ́wọ́ alájọ. Olóyìnbó tí ń ka ìwé kò lè rí i níbẹ̀. Bí o bá mọ̀ pé ọmọ rẹ lè pè ọ́ lọ́dún tí ń bọ̀, láti òní ni kí o ti máa kó owó ọjà lọ sí báǹkì, díẹ̀díẹ̀, bí o ti ń tà. Kí ó máa wọlé, kí ó máa jáde, bí ti oníṣòwò gidi. Fi orúkọ ìṣòwò rẹ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba. Má sọ rìsíìtì owó orí nù, má sọ ti owó ṣọ́ọ̀bù nù. Bí o bá ta ilẹ̀ tí owó ńlá fi wọlé, fi ìwé títà náà sí i, kí o sì fi gbólóhùn méjì ṣàlàyé. Owó ńlá kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Èyí tí a kò mọ ibi tí ó ti wá ni wọ́n ń sá fún. Bí ó bá sì jẹ́ ọmọ ni yóò sanwó, jẹ́ kí owó wà lápò ọmọ, kí ọmọ fi tirẹ̀ hàn. Má ṣe jẹ́ kí ó da owó sí báǹkì rẹ kí ẹ wá máa pè é ní tìrẹ.

Ọ̀rọ̀ orúkọ wá ńkọ́? Èyí kan àwa tí a wà ní Òkè-Ọya ju àwọn ará ilé lọ. Nígbà tí a mú àwọn ọmọ wa lọ sí ilé-ìwé níhìn-ín, orúkọ baba fúnra rẹ̀ ni wọ́n máa ń kọ sí ẹ̀yìn orúkọ ọmọ, gẹ́gẹ́ bí àṣà ibí. Àkọ́bí ń jẹ́ orúkọ bàbá àgbà, èkejì ń jẹ́ orúkọ baba, ẹ̀kẹta tí ó lọ kàwé ní Ìbàdàn ń jẹ́ orúkọ ìdílé. Inú ilé kan náà! Ìyá wọn ń jẹ́ orúkọ mìíràn nínú NIN, òmíràn ní báǹkì. Ọjọ́ tí ìyá bá fẹ́ lọ sọ́dọ̀ ọmọ, kò sí ìwé kan tí ó sọ pé wọ́n bá ara wọn tan. Mo ti rí i lẹ́ẹ̀mẹ́rin. Ìwé ìbí, ìwé ìbúra kọ́ọ̀tù, ìkéde nínú ìwé ìròyìn, àtúnṣe NIN, gbogbo rẹ̀ ni ó ní ọ̀nà, ṣùgbọ́n ó ń gba oṣù púpọ̀. Má dúró di ọjọ́ tí ọmọ bá bímọ kí o tó bẹ̀rẹ̀. Tún wo ọjọ́ tí páásípọ́ọ̀tù rẹ yóò parí, nítorí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ni kì í gba èyí tí ó kù ní oṣù mẹ́fà péré.

Mo ń bọ̀ sí ibi tí ó gbóná. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní àdúgbò wa, ọmọ tí mo kọ́ ní ìṣirò, lọ bá alágbàtà kan. Alágbàtà bá a ṣe ìwé báǹkì ayédèrú, ó sì bá a kọ iṣẹ́ tí kò ṣe rí. Ọmọ náà kò ka fọ́ọ̀mù, ó kàn sanwó. Àwọn òṣìṣẹ́ Ìlú Ọba bi báǹkì léèrè, báǹkì ní àwọn kò mọ̀ ọ́n. Ọdún mẹ́wàá ni wọ́n fi ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni. Òfin wọn nìyẹn fún ẹni tí ó bá purọ́ tàbí tí ó mú ìwé èké wá. Ti Amẹ́ríkà le jù bẹ́ẹ̀ lọ: irọ́ kan lè ti ọ̀nà mọ́ ènìyàn títí ayé, àfi bí ó bá rí ìdáríjì àkànṣe gbà. Nígbà tí baba ọmọ náà lọ bá alágbàtà, ó ní òun kò fọwọ́ sí ìwé kankan. Òótọ́ ni ó sọ. Orúkọ ọmọ ni ó wà níbẹ̀. Ẹ ká fọ́ọ̀mù yín fúnra yín. Bí ẹ kò bá lè kà á, ẹ wá ẹni tí yóò kà á sí yín létí kí ẹ tó fi ránṣẹ́.

Àwọn kan sì wà tí ń ta iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ní Ìlú Ọba. Wọ́n ń gba mílíọ̀nù lórí mílíọ̀nù, wọ́n ń mú kí ènìyàn ta ilẹ̀ baba rẹ̀. Ẹ fetí sí mi dáadáa. Láti ọjọ́ 22 oṣù Keje ọdún 2025, Ìlú Ọba ti dẹ́kun gbígba òṣìṣẹ́ ìtọ́jú tuntun láti òkè-òkun. Ẹni tí ó bá ń tà á fún ẹni tí ó jókòó ní Kàdúná, afẹ́fẹ́ ni ó ń tà. Fún àwọn iṣẹ́ mìíràn, ilé-iṣẹ́ tí yóò gba ènìyàn gbọ́dọ̀ ní àṣẹ ìjọba wọn, orúkọ gbogbo irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ìjọba náà, ọ̀fẹ́ ni láti wò ó. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún lè bá ọ wò ó lórí fóònù rẹ̀ ní ìṣẹ́jú márùn-ún. Bákan náà, láti oṣù Kìíní ọdún 2024, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń lọ síbẹ̀ kò lè mú ìyàwó tàbí ọkọ àti ọmọ dání mọ́, àyàfi àwọn tí ń ṣe ẹ̀kọ́ ìwádìí gíga. Ẹni tí ó bá ní kí o fi orúkọ ìyàwó ẹlòmíràn lọ ń pè ọ́ sínú iná.

Ti Amẹ́ríkà, ó yí padà gan-an. Ní oṣù Keje ọdún 2025 wọ́n sọ ọ̀pọ̀ físà àbẹ̀wò fún ọmọ Nàìjíríà di olóṣù mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni a sì lè fi wọlé. Ní oṣù Kejìlá ọdún kan náà, wọ́n tún kéde ìdènà lórí físà àbẹ̀wò àti ti akẹ́kọ̀ọ́, láti ọjọ́ kìíní ọdún 2026. Irú òfin báyìí lè yí ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan. Ẹ béèrè lọ́dọ̀ ẹ́ḿbásì fúnra rẹ̀ kí ẹ tó san kọ́bọ̀. Fún àwọn ilẹ̀ Yúróòpù tí ó pa ìwọlé pọ̀, tí wọ́n ń pè ní Schengen, owó àyẹ̀wò di Yúrò 90 ní oṣù Kẹfà ọdún 2024. Orílẹ̀-èdè tí ẹ ó ti lo ọjọ́ jù ni ẹ ó kọ̀wé sí, kì í ṣe èyí tí ẹnìkan sọ pé ó rọrùn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ sí Mẹ́kà, físà Hájì ni a fi ń ṣe Hájì. Ẹni tí ó bá fi físà àbẹ̀wò dúró títí di àkókò Hájì, ìjọba Sáúdí kò gbà á láyè, owó ìtanràn sì wà. Ẹni tí ó bá ń lọ sí Kútọnu, Lómè tàbí Àkúrà kò nílò físà fún àádọ́rùn-ún ọjọ́, nítorí àdéhùn ECOWAS ti ọdún 1979. Ṣùgbọ́n ẹ mú ìwé ìrìnnà tòótọ́ dání, kì í ṣe ẹgbẹ̀rún náírà tí ẹ pọ́ sínú àtẹ́lẹwọ́ fún ẹni tí ó wà ní ibodè.

Alága, mo rí i pé ẹ ti ń wo aago. Ẹ jẹ́ kí n tọrọ ohun kan. Nínú àwòrán gbọ̀ngàn tí ó wà ní ìwájú ìwé yìí, mo rí yàrá ìgbìmọ̀, mo rí yàrá ìdáná, mo rí ibi ìgbọ́kọ̀sí. Mo ń bẹ̀bẹ̀ fún yàrá kékeré kan, tábìlì kan, kọ̀ǹpútà kan. Kí àwọn ọ̀dọ́ wa tí ó mọ̀ ọ́n lò máa jókòó síbẹ̀ láti bá àwọn ìyá àti bàbá wa ka fọ́ọ̀mù wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Èmi yóò ra tábìlì àti àga rẹ̀. Kí yàrá náà tó dìde, Sátidé àkọ́kọ́ oṣooṣù, láti aago mẹ́wàá, mo wà ní ọ̀ọ̀dẹ̀ mi. Ẹ kó gbogbo ìwé yín wá, títí kan èyí tí ojú ń tì yín láti fi hàn mí.